Ara Ọmọ Ni Kó Kọ́kọ́ Balẹ̀

Nígbà tí mo wọṣẹ́ olùdámọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ ní Èkó, iṣẹ́ náà kò tíì jìnnà sí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn Sístà ìjọ Àgùdà ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1959. Wọ́n pe àwọn tó mọ oríṣiríṣi iṣẹ́ wá bá àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ jáde ìwé sọ̀rọ̀. Lọ́dún 1977, ìjọba àpapọ̀ kọ ọ́ sínú ìlànà ètò ẹ̀kọ́. Síbẹ̀, ọmọ tó fẹ́ ṣe sáyẹ́ǹsì àti ọmọ tó fẹ́ ra fọ́ọ̀mù JAMB là ń rí. Èyí tó bá ń da kíláàsì rú, ọ̀dọ̀ ẹni tó ni pàṣán ló ń lọ.

Ìgbà tí bọ́ǹbù bú ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà lọ́jọ́ Àìkú, 27 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2002, ni iṣẹ́ náà yí padà lójú mi. Àwọn tó kú lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, tọmọdé tàgbà, ló kó sínú kanáàlì Òkè-Àfà níbi tí wọ́n ti ń sá nínú òkùnkùn. Àwọn ọmọ tó yè é padà wá sí kíláàsì wa. Afẹ́fẹ́ a gbá ilẹ̀kùn pa, ọmọkùnrin kan a ti wà lábẹ́ tábìlì. Òmíràn ń lu ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kàn án láti ẹ̀yìn. Ọmọbìnrin kan tó já fáfá tẹ́lẹ̀ kàn ń wo pátákó ni, kò gbọ́ ohun tí à ń sọ. Àwọn olùkọ́ ní àfojúdi ni.

Kì í ṣe àfojúdi. Inú ọpọlọ ni ẹ̀yà kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní amygdala. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fura sí ewu. Tó bá ti fura, adrenaline àti cortisol a tú sínú ẹ̀jẹ̀, àyà a máa lù kìkì, ara a múra ìjà tàbí eré sísá, tàbí kó gan pa. Lásìkò yẹn, apá ọpọlọ tó wà lẹ́yìn iwájú orí, èyí tí a fi ń ronú tí a sì fi ń kó ara wa níjàánu, kì í lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Nínú ọmọ tí ìpayà ti bá, tàbí tí wọ́n ń lù lójoojúmọ́ nílé, amygdala kì í sinmi. Ẹ bi í pé, "Kí ló dé tó o fi ṣe bẹ́ẹ̀?" Kò mọ̀ ní tòótọ́. Pàṣán ń fi ẹ̀rù kún ẹ̀rù ni.

Lọ́dún 1998, Felitti àti Anda gbé ìwádìí jáde ní Amẹ́ríkà pé bí oríṣi ìyà tó jẹ èèyàn ní kékeré bá ṣe pọ̀ tó ni àìsàn ṣe ń pọ̀ sí i tó bá dàgbà. Ọ̀rọ̀ náà ju ti kíláàsì lọ.

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ kò náwó. A ń sọ fún wọn kí agogo tó dún. Ọmọ tó ń bẹ̀rù ẹ̀yìn rẹ̀, a fi í jókòó kó fẹ̀yìn ti ògiri. A kọ́ wọn kí wọ́n rọra mí sínú, kí wọ́n sì mí síta pẹ́ ju bí wọ́n ṣe mí sínú lọ, torí èyí ló ń dẹ àyà. Mo sì fẹ́ràn ten-ten gan-an: àtẹ́wọ́, orin, ẹsẹ̀ tó ń bá ìlù rìn, pẹ̀lú ẹlòmíràn tó dojú kọ ọ́. Ibi ten-ten yẹn ni ọmọbìnrin tó ń wo pátákó ti kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ohùn olùkọ́ ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ara àgbà ni ara ọmọ ń wò. Bí tísà bá ń jágbe, kò sí ọmọ tí ara rẹ̀ yóò balẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, mo bẹ̀ yín: ẹ má fi iṣẹ́ ìṣirò kún ọrùn olùdámọ̀ràn yín mọ́, ẹ má sì sọ yàrá rẹ̀ di ibi tí à ń kó àga tó ti kán sí. Ẹ jẹ́ kó ráyè gbọ́ ti àwọn ọmọ náà.