Iṣu Tí Ọyẹ́ Sun

Láti Mọ́níyà dé Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún ṣe, wọ́ọ́rọ́ la gbà á. Títì gidi ni kì í jẹ́ kí irè oko jẹrà lọ́nà. Ẹni tó bá ṣe é, ó yẹ ká kí i.

Lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, lọ́nà Ṣakí ní Òkè-Ògùn, màjàlà bẹ̀rẹ̀ sí í já lu gíláàsì mọ́tò. Oṣù kejì ni. Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, bẹ̀ẹ̀rẹ̀ ti gbẹ háúháú, kájú sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so. Apá kan títì niná wà. Afẹ́fẹ́ gbé màjàlà tó ṣì ń pọ́n fo títì, kò sì pẹ́ tí apá kejì náà fi gbiná. Àwọn géńdé tó ń fi ewé tútù nà án ju ewé sílẹ̀, wọ́n sá.

Ìrọ̀lẹ́ la dé abà kan. Ìyá arúgbó kan jókòó síwájú àká iṣu rẹ̀ tó ti di eérú.

"Ẹ kú ewu iná o, Ìyá."

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ó fi igi tú eérú, ó yọ iṣu kékeré méjì. Ó fi ọ̀bẹ ha èèpo dúdú náà títí funfun fi yọ, tí ooru sì ń rú. Ó da epo pupa sínú àwo, ó wọ́n iyọ̀ sí i, ó gbé e síwájú wa. Mo ti jẹ tó ìdajì kí dẹ́rẹ́bà tó wí fún mi létí pé ẹ̀bù ni, èyí tí ìyá fẹ́ gbìn bí òjò bá rọ̀. Ọwọ́ mi dúró. Ìyá rí i.

"Jẹ ẹ́. Èyí tó ti jinná kò lè hù mọ́."

N kò rí àlejò ṣíṣe tó báyìí rí.

Kùmásí ní Gánà ni wọ́n ti tọ́ ìyá dàgbà, kí ìjọba Busia tó lé àwọn àjèjì kúrò níbẹ̀ ní 1969. Ó ní ojú àwọn tí òun fi sílẹ̀ níbẹ̀ rí ju báyìí lọ. Òótọ́ ni. Ní 1983, ọ̀dá àti iná run oko kòkó Gánà lọ súà, lọ́dún kan náà tí Nàìjíríà lé àwọn ọmọ Gánà tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan padà sílé. Ilẹ̀ tó pa kòkó tó ju 500,000 tọ́ọ̀nù lọ ní sáà 1964 sí 1965 kò rí ju nǹkan bíi 159,000 lọ ní sáà 1983 sí 1984.

Ọdẹ tó ń fi iná lé ẹran jáde, darandaran tó ń wá koríko tútù, àgbẹ̀ tó ń sun ilẹ̀ lọ́sàn-án gangan: ọwọ́ èèyàn ló sábà máa ń ṣáná, ọyẹ́ kàn ń gbé e kiri ni. Mo bínú sí wọn. Kájú tó bá jó, ó tó ọdún mẹ́ta kí èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ tó so. Aládùúgbò ìyá ti ro etí oko rẹ̀ yíká mọ́ féfé láti oṣù kọkànlá. Kájú tirẹ̀ dúró digbí.

Ẹ̀bù ni ìyá ń wá báyìí. Ẹ̀yin àgbẹ̀ Òkè-Ògùn tí tiyín kò jó, ẹ bù fún àwọn tí tiwọn jó kí òjò tó rọ̀.