Orin Ẹni Tí Ó Pàdánù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Bí ọmọdé bá ní òun ń lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Ìyànà Ìyẹsí ní Ọ̀tà, ẹsẹ̀ ni yóò fi gbá a. Ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ ni wọ́n sábà fi ń gbé tiwọn sáré. Irú eré yìí ni ilé-ẹ̀kọ́ ológun orí ilẹ̀ ní West Point ti ń bá ti ojú omi ní Annapolis figa gbága láti ọdún 1890.

Ní sáà 2024, West Point fakọyọ. Ìdíje 12 ni wọ́n borí, ohun tí wọn kò ṣe rí. Méjì péré ni wọ́n pàdánù. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá, wọ́n na Tulane ní 35 sí 14, wọ́n sì gba ife. Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn náà, Annapolis nà wọ́n ní 31 sí 13.

Àṣà kan wà tí ó máa ń kádìí ìdíje àwọn méjèèjì. Ikọ̀ méjèèjì yóò jọ dúró síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó pàdánù, wọn yóò kọ́kọ́ kọ orin ilé-ẹ̀kọ́ wọn, kí wọ́n tó kọ ti olúborí. Abánidíje ọjọ́ kan ni wọ́n. Bí wọ́n bá jáde tán, orílẹ̀-èdè kan náà ni wọn yóò jọ dáàbò bò.

Olùkọ́ tí ó ń pín ife lọ́jọ́ ìdíje, ǹjẹ́ ó ń wo ọmọ tí ó ń nu omijé lẹ́yìn? Bí a ti ń kọ́ ọmọ láti borí, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́ ọ láti bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó pàdánù.