Bí Ẹsẹ̀ Bá Kọ̀ Lójú Ọ̀nà Shikoku

Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ yí erékùṣù Shikoku ká ní orílẹ̀-èdè Jàpáànù, tẹ́ńpìlì 88 ló máa yà sí, nǹkan bí 1,200 kìlómítà ló sì máa rìn. Ipasẹ̀ Kobo Daishi, àlùfáà ẹ̀sìn Búdà tí wọ́n bí ní erékùṣù náà lọ́dún 774, ni wọ́n ń tọ̀. Títì ọlọ́dà ló pọ̀ jù nínú ọ̀nà náà lóde òní, ọ̀dà kì í sì í ṣàánú ẹsẹ̀. Láti tẹ́ńpìlì 23 dé 24 nìkan tó nǹkan bí 75 kìlómítà, létí òkun lọ títí dé Muroto. Irú ibi báyìí ni ìléròrò ti ń bẹ́ nínú ìbọ̀sẹ̀, tí awọ á lẹ̀ mọ́ aṣọ, tí kókósẹ̀ á wú, tí orúnkún ò ní gbọ́ràn mọ́ téèyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Ibẹ̀ náà ni ará abúlé kan ti lè ní kí arìnrìn-àjò jókòó, kó gbé ọsàn àti tíì síwájú rẹ̀, kó sì ní òun á fi mọ́tò gbé e dé ibi tó máa sùn. Lójú tèmi, gbígba oore yẹn máa ń nira fún ẹlòmíì ju ìrora ẹsẹ̀ lọ, pàápàá ẹni tó ti pinnu pé òun nìkan lòun máa dá rìn ín já. Ohun tí mo sì gbà gbọ́ ni pé gbígbà náà wà lára ìrìn-àjò, àti pé ẹni tó ń kọ oore kí ìrìn rẹ̀ má bàa lábùkù ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù ú kù.

Osettai ni wọ́n ń pe oore yìí níbẹ̀, ó sì ti wà tipẹ́tipẹ́. Ó lè jẹ́ èso, ó lè jẹ́ owó ẹyọ, ó lè jẹ́ ibùsùn ọ̀fẹ́. Àṣà wọn ni pé a kì í kọ̀ ọ́, nítorí wọ́n gbà pé Daishi ń bá gbogbo arìnrìn-àjò rìn, pé òun gan-an là ń fún. Ìyá àgbà tí kò lè gun òkè mọ́, ọsàn tó fi lé ẹni tó ń lọ lọ́wọ́ ló fi ń bá a débẹ̀. Ẹni tó bá dá ọsàn yẹn padà ti dínà mọ́ ìyá náà. Ẹni tó gbà á kò sì lọ lọ́fẹ̀ẹ́: á fún un ní bébà pélébé kan tó ti kọ orúkọ àti ìlú rẹ̀ sí. Láyé àtijọ́, àwọn ìdílé kan máa ń kó bébà wọ̀nyí sínú àpò tí wọ́n fi koríko ìrẹsì hun, wọ́n á so ó rọ̀ sókè àjà kó lè máa dáàbò bo ilé. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú náà ní nǹkan tí onílé ń fẹ́.

Ìtàn tí wọ́n fi ń ṣàlàyé bí ìrìn-àjò náà ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an gbè mí lẹ́yìn. Wọ́n ní olówó kan, Emon Saburo, lé Daishi kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ nígbà tó wá tọrọ oúnjẹ, ó sì fọ́ igbá ọwọ́ rẹ̀. Kò pẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kú. Ó dìde, ó yí erékùṣù náà ká ní ìgbà ogún kó lè bẹ Daishi, kò rí i. Ó wá yí padà, ó gba òdìkejì, àárẹ̀ sì dá a dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀ òkè tẹ́ńpìlì kejìlá. Ìgbà tí kò lè rìn mọ́ yẹn ni Daishi tọ̀ ọ́ wá, tó dárí jì í. Gbogbo agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́. Ẹlòmíì ló wá bá a níbi tó ṣubú sí. Ọ̀nà yìí kò sì fìgbà kan díbọ́n pé ara kì í kọ̀. Ọ̀pá tí arìnrìn-àjò ń tẹ̀, tó dúró fún Daishi fúnra rẹ̀, ni wọ́n máa ń rì mọ́ orí sàréè arìnrìn-àjò náà bó bá kú sójú ọ̀nà láyé àtijọ́.

Àwọn kan á ní ẹ̀jẹ́ ni ẹ̀jẹ́ ń jẹ́, pé ẹni tó sọ pé òun á fẹsẹ̀ rìn kò gbọdọ̀ wọ mọ́tò. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò yẹn, kò sì sẹ́ni tó ní kéèyàn tó lè rìn wọ mọ́tò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń ṣe ìrìn-àjò náà lónìí, bọ́ọ̀sì tàbí mọ́tò ni wọ́n ń wọ̀, òǹtẹ̀ kan náà ni tẹ́ńpìlì sì ń lù sínú ìwé wọn. Àtakò tó wúwo jùyẹn ni ti àwọn tó máa ń fi oore jẹun. Ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́: láyé àwọn Shogun, àwọn ọ̀gágun tó ṣàkóso Jàpáànù nígbà kan, ìjọba àgbègbè Tosa ní Shikoku fi òfin tó le de àwọn arìnrìn-àjò, torí àwọn kan sọ agbe ṣíṣe di iṣẹ́ lójú ọ̀nà. Síbẹ̀, ẹni tó ń béèrè yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n fi lọ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ kọ̀ fún, tó gba ìwọ̀n tí wọ́n fún un, tó kọ orúkọ sílẹ̀, tó sì ń lọ, kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.

Ibi tí mo ti máa ń ṣọ́ra ni ti ẹni tó gba oore tán, tó wá sọ ọ́ di gbèsè tó ń mú kó máa fi kókósẹ̀ tó wú rìn lọ, torí ojú àwọn tó ràn án lọ́wọ́ ń tì í. Kò sẹ́ni tó béèrè gbèsè yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Shikoku kò fi dandan lé e pé ká parí tẹ́ńpìlì 88 lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ló ń pín in sí wẹ́wẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ẹsẹ̀ kọ̀ fún ní Muroto lè wọkọ̀ padà sílé kó lọ tọ́jú ara, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti Muroto nígbà tó bá tún dé.