Ẹyẹ Àjò ní Adágún Nguru

Ẹ̀yin ará wa ní Kánò, bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, láàárín oṣù Ọ̀wàrà sí Bélú, ẹ jẹ́ kí a kó àwọn ọmọ wa gba ọ̀nà Hadejia lọ wo ẹyẹ ní Nguru.

Lékeléke tí a mọ̀ nílé wà níbẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ igbó kéékèèké tí a pa ní ilẹ̀ Yúróòpù náà a máa fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà wá síbẹ̀, nítorí òtútù. Bí oṣù Ẹrẹ́nà bá dé, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í padà.

Ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́. Láti ìgbà tí a ti sé odò ní Tiga ní 1974 àti ní Challawa ní 1992, omi tí ń dé adágún náà ti dín kù. Koríko tí àwọn Haúsá ń pè ní kachalla sì ń bo ojú omi mọ́ apẹja àti ẹyẹ lọ́wọ́.

Kí ọmọdé fi kànnàkànnà sílẹ̀ nílé o. Àjò kì í dùn kí onílé má relé: àlejò ni àwọn ẹyẹ wọ̀nyí, bí àwa náà ti jẹ́.