Àwọn Olùṣọ́ Tí A Kò Rí



Ní ọdún kan, mo fẹ́ gbin tòmátì sẹ́yìn ilé míṣọ́nnù. Kí àrùn má baà mú un, mo yan erùpẹ̀ lórí iná títí ó fi gbóná janjan, kí n tó gbin irúgbìn sí i. Mo rò pé mo gbọ́n. Láìpẹ́, àwọn ọ̀gbìn kéékèèké náà rà ní ìdí, wọ́n sì ṣubú. Èyí tí ìyàwó mi gbìn sí ilẹ̀ tí iná kò kàn dúró ṣinṣin.

Kí ló fà á? Erùpẹ̀ kún fún bakitéríà, kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ọ̀tá. Àwọn kan ń jẹ oúnjẹ tí gbòǹgbò ń tú jáde, wọ́n sì ń pèsè oògùn tí ń ṣẹ́gun àrùn níbẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, bakitéríà Pseudomonas ni ó ń gba àlìkámà lọ́wọ́ àrùn gbòǹgbò. Bí a bá gbé erùpẹ̀ ibẹ̀ gbóná dé ìwọ̀n 60 lórí Celsius fún ìṣẹ́jú 30, ààbò náà á parẹ́. Iná tèmi náà pa àwọn olùṣọ́. Nígbà tí àrùn padà dé, kò bá ẹnì kankan lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Lọ́dún yẹn gan-an ni mo ń gbèrò láti tú àdúrà ìdájí àwọn ìyá àgbà mẹ́ta ká, torí n kò rí èso rẹ̀. Mo ronú pìwà dà. Ìránṣẹ́ Èlíṣà pàápàá kò rí àwọn tó yí wọn ká ní Dótánì (2 Àwọn Ọba 6).

Ará, ta ni ìwọ ń fẹ́ lé kúrò nítorí o kò rí iṣẹ́ rẹ̀? Kí Olúwa la ojú wa. Àmín.