Ẹni Tó Ń Bá Wa To Ìròyìn

Lọ́dún 1998 tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé iṣẹ́ rédíò kan n'Íbàdàn, aago márùn-ún ìdájí kì í bá mi lórí ibùsùn. Mọ́kọ́lá ló máa ń bá mi, níwájú bàbá kan tó ń ta ìwé ìròyìn. Èmi lọmọdé yàrá ìròyìn, èmi ni wọ́n ń rán. Owó ìwé mẹ́fà ni ọ̀gá mi máa ń fún mi. Àkọlé àwọn tó kù, mo máa ń dúró kà á lófẹ̀ẹ́ ni. Bàbá á ní, "Ọmọ rédíò, ojú ni kó o fi kà á o, má fọwọ́ kàn án." Ó pẹ́ kí n tó ṣàkíyèsí pé bàbá kì í kàn da ìwé sílẹ̀ bákan ṣáá. Èyí tí èrè rẹ̀ bá pọ̀ jù ló máa ń wà lókè. Èyí tí kò bá tà dáadáa á wà lẹ́yìn, òkúta á sì wà lórí rẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹni tó to ọjà ló mọ ohun tí oníbàárà máa kọ́kọ́ rí."

Bí mo bá dé ọ́fíìsì, a ó tẹ́ àwọn ìwé náà sórí tábìlì, a ó túmọ̀ àkọlé wọn sí Yorùbá. Kí aago méje tó lù, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti ń ka kókó inú ìwé ìròyìn sétí àwọn tó ń wa takisí àti àwọn tó ń dín àkàrà. Iṣẹ́ yẹn náà ni mo ń ṣe títí dòní. Orúkọ oyè mi ti yí padà lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò yí: kí n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ju ẹnìkan lọ, kí n sì sọ ọ́ ní Yorùbá tó já geere. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Oníròyìn tó ń ka ìwé kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n àgbà òṣìkà ni.

Nígbà tó fi máa di 2003, àwọn ìwé ìròyìn wa ti ń gbé ìròyìn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé iṣẹ́ wa ò ní íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà sáíbà kàfé lèmi ń lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì la máa ń rà níbẹ̀, ìṣẹ́jú la sì fi ń ka owó. Ìkànnì mẹ́sàn-án ni mo ní láti yẹ̀ wò. Màá tẹ àdírẹ́sì kan, màá káwọ́ gbera, àwòrán ìpolówó ọjà á máa rọra yọ bí ìgbín tó ń yọjú. Tí ojú ewé bá wá ṣí tán, ìròyìn àná ni màá bá níbẹ̀. Ńṣe ló dà bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé mẹ́sàn-án kiri láti béèrè bóyá wọ́n ti se ọbẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á tán, mi ò tíì dé ìkànnì karùn-ún.

Ọdún 2006 ni ọmọkùnrin tó ń bójú tó kàfé náà fi Firefox sórí ẹ̀rọ tí mo máa ń lò. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ wo nǹkan kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì yẹn." Àmì onígun mẹ́rin kan ni, àwọ̀ ọsàn, ìlà funfun inú rẹ̀ ń fẹ̀ jáde bí omi odò tí wọ́n ju òkúta sí. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, bíráúsà náà bi mí bóyá mo fẹ́ fi í pa mọ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Orúkọ ìwé ìròyìn náà sì lọ jókòó sókè bíráúsà. Nígbà tí mo tẹ orúkọ yẹn, àkọlé ìròyìn bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún já wálẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, láìsí àwòrán, láìsí ìpolówó, tuntun lókè, ti àárọ̀ nísàlẹ̀. Mo kígbe débi pé ẹni tó jókòó tì mí yọ gbohùngbohùn etí rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, mo to gbogbo ìkànnì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sókè bẹ́ẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọgbọ̀n ìṣẹ́jú mi, mẹ́jọ péré ni mo lò nínú rẹ̀.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ kò le. Ìkànnì kọ̀ọ̀kan máa ń ní fáìlì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní fíìdì. Àkọlé ìròyìn ló wà nínú rẹ̀, àdírẹ́sì ibi tí ìròyìn náà wà, àkókò tí wọ́n gbé e jáde, àti ọ̀rọ̀ ìlà méjì mẹ́ta. Bíráúsà ló ń lọ wò ó fúnra rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Bí kò bá sí ohun tuntun, ìkànnì tó bá gbọ́n á kàn dáhùn pé kò sí ohun tó yí padà láti ìgbà tó o ti wá kẹ́yìn, kò ní tún gbé gbogbo fáìlì fún un. Àwa tá a ń ra ìṣẹ́jú mọ iye tí ìdáhùn kúkúrú yẹn ń gbà là fún ẹni.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ ibi tí nǹkan náà ti wá. Lóṣù kẹta ọdún 1999 ni ilé iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà gbé e jáde. Ramanathan Guha àti Dan Libby ló ṣe é, kí àkọlé láti orí ìkànnì mìíràn lè máa hàn lórí ojú ewé My Netscape. Kò pẹ́ tí Netscape fi pa á tì. Dave Winer gbé e, ó ń tún un ṣe lọ́tọ̀. Àwọn mìíràn náà gbé tiwọn jáde ní 2000, Aaron Swartz tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sì wà lára wọn. Winer gbé ẹ̀dà kejì jáde ní 2002, àwọn tí ìjà lórí èyí tó jẹ́ ojúlówó nínú wọn ti sú sì gbé irú mìíràn tó ń jẹ́ Atom kalẹ̀ ní 2005. Lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n fi ń pè é, RSS, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ tí bàbá mẹ́ta ń sọ lórúkọ ni. Àwa n'Íbàdàn ò gbọ́ ariwo ìsọmọlórúkọ yẹn rárá. Gbogbo rẹ̀ ni Firefox ń kà.

Èyí tó kàn wá ni ọ̀rọ̀ lẹ́tà Yorùbá. Mo rí ìkànnì kékeré kan tó ń kọ ìròyìn lédè wa, inú mi dùn, mo fi fíìdì rẹ̀ kún tèmi. Nígbà tí àkọlé já wálẹ̀, "ẹ" ti di "áº¹", "ṣ" ti di "á¹£". Àkọlé kan sọ̀rọ̀ nípa ẹṣin. Ohun tí mo rí ni "áº¹á¹£in". Mo pe olóòtú wa kó wá wò ó. Ó bẹjú wò ó títí, ó ní, "Ta ló kó owó pọ́n-ùn sínú ẹṣin?" Ìdí rẹ̀ ni pé lábẹ́, àyè mẹ́ta ni lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀ ń gbà. Bí ìkànnì ò bá sọ irú ìkọ̀wé tí òun lò fún bíráúsà, tàbí tó sọ èyí tí kì í ṣe òótọ́, lẹ́tà kan ṣoṣo ni bíráúsà á kà bíi mẹ́ta. Fíìdì ò sì ní àmúmọ́ra. Àmì "&" kan péré tí wọn ò kọ bó ṣe yẹ lè mú kí odidi àkójọ ọjọ́ náà kọ̀ láti ṣí. Mo kọ lẹ́tà sí ẹni tó ni ìkànnì náà, mo ṣàlàyé fún un. Ó tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó tún fi ìkíni ránṣẹ́. Nígbà tí BBC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lédè Yorùbá lóṣù kejì ọdún 2018, ohun tí mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò nínú fíìdì wọn ni àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Ó dúró síbẹ̀ láìfọ́.

Kì í ṣe pé irinṣẹ́ yìí ò dójú tì mí rí. Lọ́dún 2010, àkọlé kan wọlé nídàájí pé afárá kan ti já lójú ọ̀nà tí àwọn ará ìlú wa ń gbà. Àkọlé yẹn ni mo tú, a sì kà á láago méje. Àṣé ìkànnì tó gbé e jáde ti yọ ọ́ kúrò kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, nítorí irọ́ ni. Ohun tí ìkànnì yọ ò kúrò nínú ohun tí òǹkàwé fíìdì mi ti kó pamọ́. Awakọ̀ kan pè wá láti orí afárá náà gan-an, ó ní òun ń jẹ ẹ̀pà lórí rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ọ̀gá mi ò pariwo. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé o wọlé, àbí ẹnu ọ̀nà lo ti gbọ́?" Láti ọjọ́ náà, mi ò tún tú àkọlé tí mi ò bá ṣí ìròyìn rẹ̀ kà, tí mi ò sì rí i níbòmíràn.

Ní 2008 ni mo ti kó fíìdì mi lọ sórí Google Reader, òǹkàwé fíìdì orí íntánẹ́ẹ̀tì, torí pé kàfé yòówù kí n wọ̀, àkójọ mi á bá mi níbẹ̀, á sì rántí ibi tí mo kàwé dé. Àṣìṣe mi nìyẹn, mi ò mọ̀. Àwọn bíráúsà ti ń ti ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀. Firefox yọ àmì aláwọ̀ ọsàn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì ní 2011. Safari pa tirẹ̀ tì ní 2012. Ní ọjọ́ 13, oṣù kẹta ọdún 2013, Google kéde pé àwọn máa pa Reader, torí pé àwọn tó ń lò ó ń dín kù. Ọjọ́ kìíní oṣù keje ni ó kú. Mo rí àkójọ mi gbé jáde. Gbogbo ohun tí mo fi ọdún márùn-ún kó jọ wọ inú fáìlì kan tó kéré ju fọ́tò fóònù lọ, OPML ni wọ́n ń pè é. Mo fi í sórí fíláàṣì, mo so fíláàṣì mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé mi.

Mo padà sí Firefox. Lóṣù kejìlá ọdún 2018, ẹ̀dà 64 dé, mo dé ọ́fíìsì láàárọ̀, mi ò bá orúkọ ìkànnì kankan lókè mọ́. Wọ́n ti yọ gbogbo rẹ̀. Fáìlì OPML kan ni wọ́n fi sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, bí ẹrù ayálégbé tí onílé kó síta. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ àbúrò mi lẹ́nu iṣẹ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sílẹ̀ jàre. Gbogbo ìròyìn ló wà lórí Twitter." Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ló ń bá wa tò ó. Èyí táwọn èèyàn ń bínú sí jù ló ń lọ sókè, èyí tó ṣe pàtàkì tí kò ní ariwo á wà lábẹ́ òkúta lẹ́yìn. Bàbá Mọ́kọ́lá ṣì jẹ́wọ́ fún mi nígbà tí mo bi í. Àwọn tó ń to Twitter ò jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà.

Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹfà ọdún 2021, wọ́n ti Twitter pa lórílẹ̀-èdè yìí, lórí àṣẹ ìjọba àpapọ̀. Yàrá ìròyìn wa pa lọ́lọ́ láàárọ̀ náà. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń tẹ fóònù, kò sí ohun tó ń yọjú. Àwọn mìíràn wá ọgbọ́n tí wọ́n fi fo ògiri, àmọ́ ilé iṣẹ́ rédíò tó ń gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ò lè sọ lórí afẹ́fẹ́ pé orí ògiri lòun ti gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, àbúrò mi rọra fa àga sún mọ́ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nǹkan yín yẹn hàn mí." Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ṣí fáìlì inú fíláàṣì, mo fi í sínú Vivaldi, bíráúsà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òǹkàwé fíìdì kún ara rẹ̀ lóṣù yẹn gan-an. Títí di ọjọ́ 13, oṣù kìíní ọdún 2022 tí wọ́n ṣí Twitter padà, ibẹ̀ la ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti ní àkójọ tirẹ̀ báyìí, ó sì fi ìkànnì mẹ́wàá ju tèmi lọ.

Àwọn kan ń sọ pé RSS ti kú. Pọ́díkáàsìtì tí wọ́n ń fi etí gbọ́ nínú ọkọ̀, òun ló ń gbé e kiri. Ìkànnì tí wọ́n bá fi WordPress ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ní fíìdì: ẹ kọ "/feed" mọ́ ìdí àdírẹ́sì wọn, ẹ ó rí i. Thunderbird, ètò ìmeèlì, ń kà á, Vivaldi ń kà á. Ọ̀nà ò dí. Pátákó tó ń júwe ọ̀nà ni wọ́n wú kúrò.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ìròyìn, ẹ yan ìkànnì méje tẹ́ ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, kí méjì nínú wọn jẹ́ èyí tí ọ̀rọ̀ yín kì í bá mu. Ẹ to fíìdì wọn fúnra yín. Ẹ gbé OPML rẹ̀ síbi méjì, kí ọ̀kan má wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kankan. Kẹ́ ẹ sì ṣí ìròyìn kẹ́ ẹ tó kà á lórí afẹ́fẹ́.