Ẹ̀rín Orí Sinimá

Ohun púpọ̀ ni ènìyàn ń fi ṣe ẹlẹ́yà tí kò sì jẹ́ fi sílẹ̀. Sinimá olórin wà lára wọn. Bí ìtàn rẹ̀ bá wọ́, tí ijó rẹ̀ kò sì bá ìlù mu, àwọn òǹwòran kì í dìde kí wọ́n máa lọ sí ilé wọn. Ńṣe ni wọn yóò fìdí kalẹ̀, tí wọn yóò sì máa rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ní ààlà, ẹni tí kò bá sì mọ ààlà rẹ̀ lè ṣe ọmọnìkejì rẹ̀ léṣe láìmọ̀.

Ní agboolé kan ní Pápá Àjàó ní Muṣin, tí kò jìnnà sí ọjà Ládípọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ó ti di àṣà àwọn ọmọ ilé láti pé jọ sí yàrá ìyá bàbá wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, kí wọ́n lè wo àwọn sinimá Índíà àtijọ́ lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Wọn kò wá láti kẹ́kọ̀ọ́. Ẹlẹ́yà ni wọ́n wá ṣe. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlógún tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n gbogbo wọn ni aṣáájú wọn.

Bí olólùfẹ́ méjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré yí igi ká, yóò bèèrè bóyá ọmọbìnrin náà jẹ ọkùnrin yìí ní gbèsè ni. Bí orin bá sọ ní àárín igbó, tí fàyólìn àti ìlù sì ń dún kíkankíkan, yóò ní, “Ẹ bá mi wá àwọn onílù yẹn o! Orí igi wo ni wọ́n wà?” Aṣọ pupa ni ó máa ń wà lọ́rùn obìnrin nígbà tí ó bá kọ́kọ́ la ẹnu; kí ó tó parí ẹsẹ kan, aṣọ náà ti di aláwọ̀ ewé; kí ó tó dákẹ́, ó ti di funfun. Àwọn ọmọ a sì máa ka aṣọ náà bí ẹni ń ka owó. Ní ìparí, ọta ìbọn wọ ákítọ̀ láyà, ó ṣubú lulẹ̀, ìyá rẹ̀ sì gbé orí rẹ̀ lé itan. Kàkà kí ó kú, orin ni ó fi bẹnu. Ó kọ ẹsẹ kìn-ín-ní, ó tún kọ ìkejì. Ọmọkùnrin yìí yóò wá dìde dúró, yóò ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ta ni yóò bá wa bẹ ọkùnrin yìí kí ó kú?” Gbogbo wọn a sì bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá Àgbà pàápàá a máa rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀, nítorí pé irú ẹ̀rín yìí kò ṣàjèjì sí i. Oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ará Èkó ní Gbọ̀ngàn Glover, ṣùgbọ́n láàrin ọdún 1950 sí 1960 ni àwọn oníṣòwò ará Lẹ́bánónì bẹ̀rẹ̀ sí í kó sinimá Índíà wọ ilẹ̀ Nàìjíríà. Lẹ́yìn ọdún 1970, nígbà tí Ìyá Àgbà jẹ́ ìyàwó ọ̀ṣìngín, a máa bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ilé sinimá Casino ní Yábàá. Èdè àwọn ará Índíà kò yé àwọn tí wọ́n jọ jókòó, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ìtàn náà rú lójú. Bí Bọ́ọ̀sì, olórí àwọn ọ̀daràn, bá ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn ákítọ̀, igba ẹnu a pariwo pé, “Wẹ̀yìn rẹ!” Bí orin bá bẹ̀rẹ̀, àwọn kan a jáde lọ ra gúgúrú àti ẹ̀pà, àwọn mìíràn a sì dìde láti fi ijó náà ṣe ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo Mother India, sinimá ọdún 1957 tí Mehboob Khan ṣe, tí wọ́n sì rí ìyá tí ó yìnbọn pa ọmọ tirẹ̀ nítorí pé ó ń jí ọmọbìnrin kan gbé ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, àwọn ẹlẹ́yà wọ̀nyí gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ fi aṣọ nu ojú.

Ohun tí ó ń pa àwọn ọmọ lẹ́rìn-ín kò ṣàìní ìdí. Orin ni àwọn ará Índíà fi ń ṣe eré lórí ìtàgé kí sinimá tó dé, wọn kò sì fi í sílẹ̀ nígbà tí ó dé. Alam Ara, sinimá wọn tí ó kọ́kọ́ ní ohùn ní ọdún 1931, ní orin méje. Indra Sabha ti ọdún 1932 ní nǹkan bí àádọ́rin. Nígbà tí ó yá, àwọn òṣèré kì í sáàbà kọ orin wọn fúnra wọn mọ́. Akọrin mìíràn, irú Lata Mangeshkar, ni yóò kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ, òṣèré yóò sì máa mi ètè tẹ̀lé e. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ètè fi lè pa dé nígbà mìíràn kí ohùn tó tán.

Kì í sì í ṣe àwọn ọmọ Pápá Àjàó nìkan ni ó ń fi sinimá olórin ṣe ẹlẹ́yà. Ní Amẹ́ríkà, John Wilson wo Can’t Stop the Music àti Xanadu, sinimá olórin méjì tí ó jáde ní ọdún 1980. Wọ́n burú lójú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dá ẹ̀bùn kan sílẹ̀ fún sinimá tí ó bá burú jù lọ lọ́dọọdún. Ní oṣù kẹta ọdún 1981, Can’t Stop the Music ni ó kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn yìí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, bí sinimá ti parí, àbúrò ọmọkùnrin náà, ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá, mú ìwé kan dání, ó sì dúró níwájú wọn. Òun ni wọ́n yàn láti dá orin kọ nínú eré ìparí ọdún ní ilé-ìwé rẹ̀, ó sì fẹ́ kí àwọn ará ilé gbọ́ ọ. Ó na ọwọ́ méjèèjì gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ rẹ̀ ti kọ́ ọ, ó sì gbé ohùn sókè. Kò tíì kọrin dé ìdajì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi di àyà mú, tí ó ṣubú sórí ẹní, tí ó sì ń ké bí ewúrẹ́. Ó ní, “Ta ni yóò bá wa bẹ̀ ẹ́ kí ó kú?” Ilé kún fún ẹ̀rín. Ohùn ọmọbìnrin náà já bí okùn. Kò sunkún. Ó ká ìwé orin náà sí mẹ́rin, ó ní òun yóò sọ fún olùkọ́ kí ó wá ẹlòmíràn, ó sì bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó sì pe ọmọkùnrin yìí sọ́dọ̀.

Ó ní, “Ọkùnrin tí ò ń fi ṣe ẹlẹ́yà láti àárọ̀ kò gbọ́ ọ. Ó ti gba owó rẹ̀, ó ti lọ sí ilé rẹ̀, bóyá ó tilẹ̀ ti kú. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ gbọ́ ọ.”

Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀. “Ẹ má bínú, Ìyá Àgbà. Eré ni mo ń ṣe.”

“Mo mọ̀ pé eré ni. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́, ìbáà jẹ́ eré ni a fi jù ú. Èwo nínú orin sinimá wọ̀nyí ni ìwọ kò lè kọ?”

Kò lè fèsì, nítorí pé ó mọ gbogbo wọn sórí láìmọ ìtumọ̀ wọn.

“O rí i báyìí pé o fẹ́ràn ohun tí ò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Orin àbúrò rẹ ńkọ́? Ẹsẹ mélòó ni o gbọ́ níbẹ̀?”

Ìyá Àgbà wá rán wọn létí Àjàní Ògún, sinimá Yorùbá tí ó kún fún orin, tí Ọlá Balógun darí ní ọdún 1976. Adé Àfọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Lóve, ni ó ṣe Àjàní, ọdẹ tí ó bá olówó kan jà nítorí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Àwọn kan ládùúgbò ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé tí-orin-tí-ikú bí ti Índíà ni yóò jẹ́. Wọ́n lọ láti fi í rẹ́rìn-ín. Orin rẹ̀ ni wọ́n kọ wá sílé.

Ìyá Àgbà ní, “Bí gbogbo ẹni tí ó lè kọrin nígbà náà bá ti ká ìwé orin rẹ̀ sí mẹ́rin, kí ni à bá wò?”

Ọmọkùnrin náà lọ bá àbúrò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá omi. Ó tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà kò wò ó. Ó da garawa kan dé, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọmọbìnrin náà tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ ń yára jù.” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rọ ọwọ́ sílẹ̀. Ọmọbìnrin náà tú ìwé rẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà títí di ọjọ́ eré, garawa yẹn kò ráyè pọnmi ní ìrọ̀lẹ́.

Ní ọjọ́ eré, nígbà tí orin náà dé ibi gíga, ohùn ọmọbìnrin yìí sán. Àwọn kan lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ó jókòó níwájú, kò yíjú padà. Ó ń pàtẹ́wọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń lu garawa. Àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbà á, ìlà kejì náà sì gbà á. Ọmọbìnrin náà mí, ó rí ohùn rẹ̀ mú padà, ó sì kọ orin náà dé òpin.

Àwọn ọmọ agboolé náà kò jáwọ́ nínú wíwo sinimá ní ọjọ́ Ìsinmi. Ákítọ̀ kò tíì kọ́ bí a ti ń tètè kú, ọmọkùnrin yìí kò sì tíì dẹ́kun láti bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan nínú ilé bá la ẹnu láti kọrin, yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ parí.